Ohun Tí A Kì Í Sọ Létí Babaláwo



Ẹni tó bá ti lọ yẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a ní kí ẹ mú owó, kí ẹ gbé e súnmọ́ ẹnu, kí ẹ sì sọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ ó wá fi owó náà lélẹ̀ níwájú Ifá. Babaláwo kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, kò sì ní bi yín. Yóò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, tàbí kó fi ikin tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, yóò wo ohun tó hù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó lè ki ẹsẹ mẹ́ta, ó lè ki mẹ́rin, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ bá wá ni ẹ ó sọ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà ṣe fi iṣẹ́ náà lélẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ìwà yìí wọ ilé ìwòsàn. A ó jókòó síwájú dókítà, a ó pa ẹnu mọ́, a ó ní bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò rí i fúnra rẹ̀. Nílé, ọ̀rọ̀ náà lè má burú jù, torí pé ìyá wa tàbí ẹ̀gbọ́n wa tó tẹ̀ lé wa lọ á ti bá wa sọ ọ́. Ní ilẹ̀ àjèjì ńkọ́, níbi tí dókítà kò mọ ilé wa, tí kò mọ ọ̀nà tí a gbà dé, tí kò sì sí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Makoko ni mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibùgbé àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni. Láti Àgbádárìgì àti láti etí omi orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn baba ńlá àwọn Ègùn tó ń pẹja níbẹ̀ ti wá. Títí di òní, ẹ ó rí ẹni tó kọ́lé sórí omi Makoko, tó ń yan ẹja níbẹ̀, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ní òun ń lọ sílé, apá Àjàṣẹ́ ló kọjú sí. Wọ́n gbé ẹ̀sìn wọn dání wá. Fá ni Ifá lẹ́nu wọn. Gbe Meji ni wọ́n ń pe Èjì Ogbè, Yeku Meji ni wọ́n ń pe Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Ẹni tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, Sakpata ni wọ́n ń pè é. Makoko yìí kan náà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Yàbá, níbi tí wọ́n kó àwọn tó ní àrùn Ẹ̀bólà lọ ní ọdún 2014.

Ọ̀pọ̀ ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Láti Làìbéríà ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ sí ìpàdé kan ní Kàlàbá. Ọmọ Làìbéríà ni, ó tún jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́ta ń retí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Arábìnrin rẹ̀ ti kú ikú Ẹ̀bólà ní Monrovia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ara rẹ̀ kò yá nígbà tó dé, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé, torí pé àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n bi í bóyá ó ti fara kan ẹni tó ní Ẹ̀bólà. Ó ní rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ibà.

Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló wò ó tí ọ̀rọ̀ náà kò fi yé e, nítorí oògùn ibà kò ràn án. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ẹ̀bólà, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó jáde bí àwọn aláṣẹ láti Làìbéríà ṣe ń fúngun mọ́ ọn tó. Sawyer kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà. Obìnrin náà kó àrùn yìí, òun náà sì kú ní Yàbá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, 20 èèyàn ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì kú. Ẹni tó bá mọ bí Èkó ṣe fún pọ̀ tó, tó mọ bí ilé ṣe fara ti ilé ní Makoko, yóò mọ ohun tí obìnrin yẹn gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ìròyìn kan jáde lóru ọjọ́ kan pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ìyá jí ọmọ lójú oorun, ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́ lórí fóònù. Orógbó náà di oògùn Ẹ̀bólà lẹ́nu àwọn èèyàn. Orógbó jẹ́ ohun àdúrà, Ṣàngó sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló dá Ifá tó fi rí i pé orógbó ń wo Ẹ̀bólà? Kò sí odù kankan nídìí ìròyìn náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Kò yẹ kí a jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọ aṣọ Ọ̀sanyìn mọ́ wa lójú.

Bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun àrùn náà ló bá ọ̀rọ̀ mi mu jù. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nígbà náà. Ẹnu àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bi olúkúlùkù pé: ta lẹ fọwọ́ kàn, inú ọkọ̀ wo lẹ wọ̀, ta ló sùn sí yàrá yín? Wọ́n tọpa èèyàn 894, wọ́n lọ sílé wọn nǹkan bí ìgbà 18,500, wọ́n ń wo ara wọn bóyá ó gbóná, títí ọjọ́ 21 fi pé fún oníkálukú. Bí ẹnì kan bá pa orúkọ ẹnì kan mọ́, àrùn náà á gba ibẹ̀ jáde. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde yẹn gan-an, ìdílé kan ní ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ń jáde kúrò ní àtìmọ́lé ọjọ́ 21 tiwọn. Ọmọ Làìbéríà ni ìyá ilé náà. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Thomas Eric Duncan, dé láti Monrovia ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n lè fẹ́ra wọn. Kó tó kúrò nílé, ó ti bá wọn gbé aboyún kan ládùúgbò tí ara rẹ̀ kò yá, àṣé Ẹ̀bólà ni. Nígbà tí ibà mú un ní Dallas, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé Áfíríkà lòun ti wá, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ pàjáwìrì ló gbé e padà lọ. Ó kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá. Ilé ìwòsàn náà tọrọ àforíjì lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Nítorí náà, n kò sọ pé ẹnu nìkan tó. Ẹni tí a ń sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ ní etí. Ó sàn kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: fún nọ́ọ̀sì, fún dókítà, àti fún dókítà tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé Áfíríkà. Ẹ dárúkọ ìlú, ẹ dárúkọ ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ìdílé náà. Obìnrin náà, ọmọkùnrin rẹ̀ kan, àti ọ̀dọ́kùnrin méjì mìíràn ni wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n fi ọlọ́pàá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ìbusùn tí aláìsàn ti làágùn sí ṣì wà nínú ilé pẹ̀lú wọn fún ọjọ́ mélòó kan, torí pé wọn kò tètè rí ẹni tí yóò kó o. Nígbà tí wọ́n wá tún ilé náà ṣe, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n kó sínú àgbá lọ run, àfi àwọn ìwé pàtàkì àti àwòrán díẹ̀. Adájọ́ àgbà ìjọba ìbílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé mìíràn tí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá wọn wá, kò wọ aṣọ ìdáàbòbò, torí pé ara wọn dá. Kò sí ìkankan nínú wọn tí àrùn náà mú. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ẹni tó ti gbà láti fi ilé háyà fún obìnrin náà yí ohùn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ kò ha ti gbọ́ irú èyí rí? Bí Olóde bá wọ ilé kan láyé àtijọ́, a kì í dárúkọ rẹ̀. A kì í sunkún òkú náà ní gbangba. Àwọn àwòrò rẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú, àwọn náà sì ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn kan hùwà ìkà nídìí iṣẹ́ náà, kò yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, ọmọ Yorùbá, wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní bòńkẹ́lẹ́, ó sì jáde wá sọ pé àwọn kan ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà ká. Ìjọba amúnisìn wá fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: yíya ẹni tó fara kan aláìsàn sọ́tọ̀, kíkó ẹrù òkú kúrò láàárín alààyè, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan máa fọwọ́ kan òkú, Yàbá àti Dallas ṣe gbogbo rẹ̀ ní 2014. Àwọn baba wa mọ ìyàsọ́tọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tó, ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kì í sábà rí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ lọ síwájú ilé fún un.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun kò ní rí Ẹ̀bólà láé. Ibà lásán ni yóò dẹ́rù bà yín. Ní Ìlú Ọba, àwọn tí ibà ẹ̀fọn mú lẹ́yìn ìrìnàjò ní 2023 lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé wọ́n lọ kí ẹbí nílé ni, pàápàá ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ṣì mọ ibà. Agbára yẹn ti dínkù. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rí. Ẹ kó ọmọ wá sílé fún ọdún, ẹ padà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà ibẹ̀ rí òtútù, ọ̀fìnkìn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé ọmọ yìí sùn sí Makoko tàbí Mushin lóṣù tó kọjá, ó lè pẹ́ kó tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, irú ibà yìí sì lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àgbo. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín. Ẹ rò pé wọn yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí pé wọn yóò ní ẹ ń fi májèlé bọ́ ọmọ. Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀. Bó jẹ́ ewé dóńgóyárò ni ẹ sè, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, ẹ pe ẹni tó fún yín lórí fóònù. Àwọn ewé kan wà tí wọn kì í bá oògùn òyìnbó rẹ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin babaláwo, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè lóru láti Houston, láti Peckham. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ bi wọ́n ní ohunkóhun kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léyìí nìkan: ọjọ́ wo lẹ kúrò nílé, ṣé dókítà sì ti gbọ́? Bí wọn kò bá tíì lọ, ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ báyìí. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ ti tó láti fi gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Bí ẹbọ bá yọ, kò pọn dandan kí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà tó wà ní Makoko lè gbé e lọ fún Èṣù ní oríta, nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Peckham.