Kí Romni Tó Gbé Fóònù: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, rom, ni àwọn Roma fi ń pe ọkùnrin, tí òun náà tún jẹ́ ọkọ? Romni ni obìnrin. Òun kan náà ni ìyàwó. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di romnja. Àwọn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Jípísì nìyí. Àṣìpè ni orúkọ yẹn: àwọn òyìnbó ìgbàanì rò pé Íjíbítì ni wọ́n ti ṣí wá.

Ṣé o mọ̀ pé Íńdíà ni wọ́n ti ṣí ní tòótọ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àti pé ẹnu wọn ló tú àṣírí? Duj ni méjì, trin ni mẹ́ta, pandž ni márùn-ún. Kà á sétí ẹni tó ń sọ Híńdì, kò ní béèrè ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé orí méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án, èdè Gíríìkì lo bá níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣà á.

Lónìí, wọ́n fojú bù wọ́n sí mílíọ̀nù 10 sí 12 ní Yúróòpù. Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba ńlá wọn tó wà ní Moldavia àti Wallachia, níbi tí Romania wà báyìí, ṣe ẹrú títí di 1855 àti 1856? Pé ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1944, ní Auschwitz-Birkenau, àwọn Násì pa bí 4,300 nínú wọn, tó jẹ́ pé obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀?

Mo ka ìwọ̀nyí ṣáájú nítorí ìbéèrè kan nípa romni tí kì í kúrò lẹ́nu ènìyàn: "Bí ọkọ ẹ̀ bá ń lù ú, ṣebí kó pe ọlọ́pàá?"

Ọlọ́pàá wo? Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2013, ọlọ́pàá 63 ya wọ àdúgbò àwọn Roma ní Moldava nad Bodvou, ní Slovakia, wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀daràn, wọ́n sì na ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá nílé? Àwọn tí wọ́n nà fẹjọ́ sùn. Ìjọba bá yí i padà, ó fẹ̀sùn irọ́ pípa kan àwọn mélòó kan nínú àwọn tó farapa! Ó di 2020 kí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg tó dá ìjọba lẹ́bi, ó sì di 2021 kí ìjọba Slovakia tó tọrọ àforíjì. Wá lọ sọ fún obìnrin tí ojú rẹ̀ wú ní aago kan òru pé àwọn wọ̀nyẹn ni kó pè.

Ṣé kó sá lọ ilé ìwòsàn ni? Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí díẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2000, obìnrin Roma kan, ọmọ 20 ọdún, tí ilé ẹjọ́ fi lẹ́tà V.C. bo orúkọ rẹ̀, ń rọbí ọmọ kejì ní ilé ìwòsàn kan ní Prešov, ní Slovakia. Yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Roma ló wà. Nínú fáìlì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Roma ni. Ìrọbí ti dójú ẹ̀ kí wọ́n tó bi í bóyá ó ṣì fẹ́ bímọ sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bó bá tún lóyún, yálà òun tàbí ọmọ ni yóò kú. Ó bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n gbé ìwé wá, ó fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi abẹ gbé ọmọ jáde ni wọ́n so ọ̀nà ọmọ rẹ̀ pa.

Ṣé o mọ ohun tí ìwé náà fi han àwọn adájọ́ ní Strasbourg? Ìbuwọ́lù tó ń gbọ̀n, orúkọ ìdílé rẹ̀ já sí méjì láàárín. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2011, wọ́n dá a láre, wọ́n ní kí Slovakia san 31,000 yúrò fún un. Mi ò mọ ọjà tí wọ́n ti ń díyelé ilé ọmọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní Hungary, ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2001, ìṣẹ́jú 17 péré ló wà láàárín ìgbà tí romni kan, A.S., wọ ilé ìwòsàn àti ìgbà tí wọ́n parí gbogbo rẹ̀? Wọ́n gbé òkú ọmọ jáde, wọ́n sì so ọ̀nà ọmọ pa mọ́ ọn. Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé wúruwùru, ó sì fi èdè Látìnì pe iṣẹ́ abẹ kejì. Kí A.S. tó kúrò níbẹ̀, ó bi dókítà pé ìgbà wo ni òun tún lè gbìyànjú oyún. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tí Látìnì náà ń sọ. Ní 2006, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin dá Hungary lẹ́bi.

Ní Czech, ọmọ 21 ọdún ni Elena Gorolová, romni kan, nígbà tí wọ́n ṣe tirẹ̀ ní Ostrava ní 1990. Ọkùnrin méjì ló ti bí. Obìnrin ló ń retí. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n pariwo títí òfin owó gbà-máà-bínú fi jáde ní 2021: 300,000 kòrúnà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé o mọ ohun tó dí wọn lọ́wọ́? Ilé ìwòsàn ti da fáìlì ọ̀pọ̀ wọn nù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń béèrè ẹ̀rí. Ẹni tó gé ọ náà ló ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí!

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá bi romni pé kí ló ṣe é lójú, á ní òun ṣubú ni.

Ṣé o mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Czech, Slovakia, Hungary, Bulgaria àti Romania, iye ọmọ Roma tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nílùú lọ. Ilé tí ọkọ ti ń lu ìyàwó, ilé tí omi ẹ̀rọ kò sí: bí òṣìṣẹ́ náà bá wọlé, èwo ni yóò kọ sílẹ̀?

Àwa náà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan lára àwọn Roma, bí àwọn Kalderash, ní kóòtù àgbà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní kris? Ọkùnrin ló sábà ń jókòó síbẹ̀. Ó máa ń parí ìjà lórí owó àti ìdáná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ìsàlẹ̀ ìdodo, ojú á ti obìnrin láti là á mọ́lẹ̀ níwájú bàbá ọkọ.

Àwọn kan á ní, "Àṣà wọn ni." Irọ́ ni. Ṣé o mọ̀ pé ní 2012, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọ̀rọ̀ wá obìnrin 42,000 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 28? Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ti lù tàbí fipá bá lò láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wọn ṣe é, 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sọ èyí tó burú jù fún ọlọ́pàá. Àṣà ta wá nìyẹn?

Ṣé o mọ Àdéhùn Istanbul, ti 2011, tó sọ ọ́ di dandan kí ìjọba ní ilé ààbò àti fóònù tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru? Kóòtù Bulgaria ní kò bá òfin ilẹ̀ wọn mu, 2018. Ilé aṣòfin Slovakia kọ̀ ọ́, 2020. Ti Hungary náà, 2020. Sẹ́nétì Czech dà á nù, 2024. Padà lọ ka orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lókè. Tọ́kì, tó ni Istanbul gan-an, ti jáde ní 2021.

Romania fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ náà, láti 2002, ìjọba ń gba àwọn obìnrin Roma síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alárinà ètò ìlera. Wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n bá wọlé, ẹni tó bá sì ti ń ká aṣọ ọmọ sókè fún abẹ́rẹ́ á rí ojú ìyá ọmọ pẹ̀lú. Èmi ò rí ọgbọ́n tó jùyẹn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé èdè Romani kò ní ọ̀rọ̀ tó bá ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin mu, títí àwọn òṣèré obìnrin kan ní Bucharest fi dá a sílẹ̀? Giuvlipen ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ tíátà wọn lórúkọ ní 2014. Mihaela Drăgan, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ fífi ọmọdé fọ́kọ sórí ìtàgé, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn níbẹ̀ ni: òfin 2024 tó ka fífipá fún ènìyàn lọ́kọ sí ọ̀ràn fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní àyè títí di oṣù kẹfà 2027 láti mú un lò.

Ta wá ló ń gbé fóònù? Ní Niš, ní Serbia, ẹgbẹ́ obìnrin Roma kan, Osvit, ní nọ́ńbà tí o lè pè kí wọ́n dá ọ lóhùn ní Romani. Romni kò ní láti ní kí ọmọ ọkùnrin rẹ̀ wá ṣe ògbufọ̀ ohun tí bàbá ọmọ náà ṣe.

Àti ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń pe obìnrin Roma ní gitana, 016 ni nọ́ńbà tí obìnrin tí wọ́n ń lù lè pè. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ṣé o mọ̀ pé kì í hàn lórí bíìlì? Ṣùgbọ́n ó ń hàn lójú fóònù, nínú àwọn nọ́ńbà tí o pè. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò pa á rẹ́ kí ọkọ tó dé.