Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ohun Tí Ń Dá Ojú Dúró

Ṣé o mọ̀ pé ère aláṣọ gígùn tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ń ju apá sókè, tí ń ṣubú tí ń dìde bí ẹni tí ọtí ń pa, ibi ìdíje Òlímpíìkì ló ti kọ́kọ́ jó fáráyé wò? Atlanta ni, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1996. Peter Minshall, ẹni tó dàgbà sí Trinidad, tó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí aṣọ àti ère ńláńlá fún Kánífà erékùṣù náà, ló fẹ́ kí àwọn òmìrán máa jó lókè orí èrò bí àwọn ará Trinidad ṣe ń jó. Ó ké sí Doron Gazit, ọmọ Israẹli tí ń fi atẹ́gùn ṣe iṣẹ́ ọnà ní Los Angeles. Fáànù wà lẹ́sẹ̀ ère náà tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ, ihò sì wà lókè tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí atẹ́gùn bá ti ń jáde, aṣọ á rọ̀, á ṣẹ́ po níbì kan. Ibi tó ṣẹ́ yẹn á dínà mọ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn á kóra jọ lábẹ́ rẹ̀, á sì tún nà án sókè fìì.

Ẹni tó bá ti wo Ìgunnukó rí, bó ti ń ga tó ń kúrú lójú agbo, kò ní ṣàì rántí rẹ̀ bó bá rí ijó yìí. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wò ó o. Mo kàn ń sọ pé ojú ènìyàn, ibi yòówù kó wà, kì í lè kúrò lára aṣọ tó bá ti dà bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí. Lọ́dún 2001 ni Gazit gba páténtì lórí ère alátẹ́gùn náà. Lọ́dún 2008, ìlú Houston ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ gbé e síta mọ́, pé ó ń ba ojú ìlú jẹ́.

Páténtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ ohun tuntun, pé fún iye ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí olùhùmọ̀ náà máa fi dípò: ó gbọdọ̀ ya àwòrán iṣẹ́ náà, kó kọ àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún kí gbogbo ayé lè kà á. Láyé àtijọ́ níbí, ọ̀pọ̀ àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ ni kì í kọjá agboolé, tí àwọn mìíràn sì bá àgbà oníṣẹ́ wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn láti máa ka àwọn páténtì àtijọ́, pàápàá ti àwọn tó dá ṣe é. Orúkọ ènìyàn kan, nómbà kan, àwòrán tí wọ́n fara balẹ̀ yà, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ọtí ni fìtílà onída ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Edward Craven Walker, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wa ọkọ̀ òfuurufú lójú ogun, wọ ilé ọtí kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí nǹkan kan tí ẹlòmíràn ti ṣe tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹyin bá jinná: èròjà méjì tí kì í po ara wọn, tí wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ohun èlò kan bí iná bá ti mú wọn. Àwọn yòókù mu ọtí wọn, wọ́n gba ilé wọn lọ. Walker kò gbàgbé. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń dán an wò, títí ó fi gbé fìtílà rẹ̀ jáde lọ́dún 1963 láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Poole. Astro ló pè é.

Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìwúwo ni. Ìda fẹ́ẹ́rẹ́ ju omi lọ. Bó o bá jù ú sínú omi, yóò kàn léfòó, kò ní jó. Wọ́n ní láti po èròjà tó wúwo mọ́ ìda títí ìwúwo rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti omi dọ́gba, kó kàn fi bíńtín wúwo jù ú lọ. Nígbà náà, ooru gílóòbù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ti tó láti yí ẹjọ́ padà. Ìda á gbóná, á wú, á wá fẹ́ẹ́rẹ́ ju omi, á gbéra. Bó bá dókè tó jìnnà sí iná, á tutù, á sún kì, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Wáyà kan tí wọ́n ká róbótó sí ìsàlẹ̀ ìgò ló ń bá àwọn ìṣù ìda tó já kéékèèké tún so pọ̀. Bí kò bá sí wáyà yẹn, ìda á fọ́nká, ijó á parí. Wò ó dáadáa: kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, kò sí ohun tí ń yí. Ooru àti ìwúwo nìkan ni, àwọn méjì yìí kan náà tí ń mú kùrukùru gòkè tí ń mú òjò rọ̀. Ọ̀kan lára èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò burú fún ara, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún 1965, Adolph Wertheimer, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, rí fìtílà náà níbi ìpàtẹ ọjà kan ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é ní Chicago. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1968, ilé iṣẹ́ Walker gba páténtì Amẹ́ríkà, nómbà 3,387,396. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìwé náà ni àkọlé rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré tí ó túmọ̀ sí ohun àfihàn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àfihàn kí ni? Wọn ò sọ.

Ṣé o mọ̀ pé fìtílà yìí kan náà ń bá wa ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì? Ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ Cloudflare ní San Francisco, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún fìtílà onída ló wà lára ògiri kan, kámẹ́rà sì ń ya wọ́n ní fọ́tò láìsinmi. Kọ́kọ́rọ́ tí ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ni. Ó sì gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rò ó dé. Kọ̀ǹpútà kò mọ irú rẹ̀ hù fúnra rẹ̀, nítorí ìlànà ló ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá sì mọ ìlànà á mọ èsì. Ìda inú ìgò kì í jó ijó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń bu nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Silicon Graphics, ti gba páténtì lórí irú èrò yìí lọ́dún 1998. Bí àlejò bá sì dúró síwájú ògiri náà, kò ba nǹkan kan jẹ́, nítorí òjìji tirẹ̀ náà á wọ inú nọ́ńbà.

Àbúrò bàbá mi kan, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, mú ẹyẹ onígíláàsì kan bọ̀ láti London nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó gbé e síwájú ife omi lórí tábìlì. Ẹyẹ náà á tẹ orí ba, á ti ẹnu bọ omi, á nà ró, á máa mì, á tún tẹ̀ ba. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀sán. A wo abẹ́ rẹ̀, kò sí bátìrì. A wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wáyìn ín. Ìyá wa àgbà ní kí wọ́n gbé e kúrò ní pálọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí ń mú omi inú àmù tutù ni ń mú ẹyẹ yẹn tẹ̀ ba? Miles Sullivan, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Bell Labs, ló gba páténtì rẹ̀ lọ́dún 1946. Ìṣù gíláàsì méjì ni, ọ̀kan orí, ọ̀kan ìdí, tí ọ̀pá gíláàsì so pọ̀. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì da èròjà olómi kan sí i tí ooru ara ọwọ́ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mú hó. Aṣọ tútù ló bo orí àti ẹnu. Bí omi ara aṣọ bá ti ń gbẹ, orí á tutù, gẹ́gẹ́ bí omi tí ń là jáde lára àmù ṣe ń gbé ooru inú rẹ̀ lọ. Orí tó tutù á mú kí oru èròjà tó wà nínú rẹ̀ di omi, agbára inú orí á dín, èyí tó wà ní ìdí á sì ti èròjà náà gòkè. Orí á wúwo, ẹyẹ á tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ tán, ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀ á yọ kúrò nínú èròjà olómi náà, òkè àti ìsàlẹ̀ á bá ara wọn dọ́gba, èròjà á ṣàn padà sí ìdí, ẹyẹ á dìde. Fi ìgò ńlá dé e mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ dúró, torí afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò lè gba omi mọ́ lára aṣọ. Nítorí náà ló ṣe máa ń falẹ̀ lásìkò òjò, tó sì máa ń yára nígbà ọyẹ́. Ká ní mo mọ èyí nígbà náà, mo ti bá Ìyá àgbà sọ ọ́, bóyá ẹyẹ ì bá sì wà ní pálọ̀ di òní.

Ṣé o mọ̀ pé òkòtó lè yí lófuurufú, tí kò fara kan ilẹ̀? Lọ́dún 1842, Samuel Earnshaw, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò hàn pé bó ti wù kí o to òòfà pọ̀ tó, wọn kò lè gbé òòfà mìíràn dúró jẹ́ẹ́ sójú òfuurufú. Yóò yí dànù ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ bẹ́ẹ̀ fún Roy Harrigan, ará Vermont, pé ó ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Harrigan kò gbà. Ní 1983, ó gba páténtì lórí òkòtó olóòfà tí ń yí lókè òòfà mìíràn, tí àlàfo sì wà láàárín wọn. Òfin Earnshaw kò purọ́. Ohun tó dúró lójú kan ló ń bá wí. Òkòtó Harrigan kò dúró: yíyí tó ń yí ni kò jẹ́ kó dojú dé, gẹ́gẹ́ bí òkòtó tí a ń ta nílé ṣe ń dúró lórí ẹnu ṣóńṣó níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń yí. Bill Hones mú iṣẹ́ náà lọ síwájú, ó gba páténtì tirẹ̀ ní 1995, ó sì tà á kárí ayé ní orúkọ Levitron. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Michael Berry ti Yunifásítì Bristol tó ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ ní kíkún. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni nǹkan náà fi ń yí kí ìwé tó dé bá a! Ohun tí Harrigan ṣe ni mo kà sí ìgboyà.

Berry yìí bá Andre Geim ṣiṣẹ́ lórí òmíràn lọ́dún 1997: òòfà alágbára kan ní ilẹ̀ Netherlands gbé ọ̀pọ̀lọ́ alààyè sókè. Geim gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010, nítorí iṣẹ́ mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé Georges Claude, ọmọ Faransé tó kọ́kọ́ fi ọ̀pá iná neon han èrò ní Paris lọ́dún 1910, tún lọ sí Matanzas ní Kuba ní 1930, ìlú tí àwọn ọmọ Lukumí, ìran Yorùbá ibẹ̀, ti ń bọ òrìṣà, ó sì fi ìyàtọ̀ láàárín omi òkun tó gbóná lókè àti èyí tó tutù nísàlẹ̀ pèsè iná mànàmáná?

Ṣé o mọ̀ pé láti 1941 títí di 1966, àwòrán ọkùnrin kan wà ní Times Square ní New York tí ń mu sìgá, tí ń fi ẹnu ju òrùka èéfín jáde? Douglas Leigh ló ṣe é. Kì í ṣe èéfín o, oru omi gbígbóná ni. Nígbà tí ogun dé tí ìjọba ní kí wọ́n pa iná ìpolówó kí ọ̀tá má baà ríran, ọkùnrin yẹn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí kò nílò iná kó tó lè mí.

Ti Garrett Morgan ni mo fi pamọ́ de ẹ̀yìn. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ìdílé tó ti mọ oko ẹrú ló ti jáde ní Kentucky lọ́dún 1877, kò sì kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Cleveland, ó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Lọ́dún 1914, ó gba páténtì lórí ìbòrí tí panápaná lè wọ̀ wọnú èéfín: ọ̀pá gígùn kan rọ̀ láti ibẹ̀ dé ìtòsí ilẹ̀, nítorí èéfín máa ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó mọ́ a sì máa wà nísàlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ bó ṣe polówó rẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí aláwọ̀ funfun kì í ti í fẹ́ ra ohun tí aláwọ̀ dúdú bá ṣe? Ó háyà aláwọ̀ funfun kan kó máa ṣe bí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ múra bí ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Kánádà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Indian, ó sọ ara rẹ̀ ní Big Chief Mason. Ní New Orleans, lóṣù Kẹwàá ọdún 1914, wọ́n dáná ọ̀dà, imí ọjọ́ àti ìgbẹ́ ẹran sínú àgọ́ kan títí èéfín fi dí pa. Morgan wọ ìbòrí rẹ̀, ó wọlé, ó lò tó ogún ìṣẹ́jú, ó jáde láìṣe é nǹkan kan.

Ní 1916, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ adágún omi Erie ní Cleveland bú gbàmù. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, òun àti Frank arákùnrin rẹ̀ wọ ìbòrí, wọ́n sì wọlé lọ gbé ènìyàn jáde. Ìròyìn tàn, àwòrán rẹ̀ tàn, àwọn ìlú gúúsù sì mọ ẹni tó ni ìbòrí náà. Àwọn kan tó ti fẹ́ rà á yí ọkàn padà.

Ní 1923, ó gba páténtì mìíràn, nómbà 1,475,024, lórí òpó atọ́nà ọkọ̀ ní oríta. Àwọn kan a máa sọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe iná atọ́nà láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀, oníná mànàmáná ti wà ní Cleveland fúnra rẹ̀ láti 1914, iyì Morgan kò sì nílò irọ́. Òpó tirẹ̀ ní apá tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa. Apá náà lè ní kí ọkọ̀ máa lọ, ó lè ní kó dúró. Ó tún ní ìpè kẹta: gbogbo apá á gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á dúró ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lè sọdá.