Ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀ kọ́ ni ọ̀daràn

Ní Aguidi wa yìí, lójú ọ̀nà Sakété sí Pobè, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ṣòwò. Ẹni tí ó ń lọ ra àgbàdo, gàrí tàbí epo pupa kò lè fi káàdì báńkì sanwó fún àgbẹ̀ nínú oko. Síbẹ̀, bí a bá gbọ́ pé ọlọ́pàá gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa ni pé: “Kí ni ó ń gbé owó tó bẹ́ẹ̀ rìn fún?” A kì í béèrè òfin tí ó fún ẹni tí ó gbà á láṣẹ.

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ti rí ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gbé ìlú dé. Ní 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ ni ẹ̀ka ọlọ́pàá yìí ń dá dúró nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń tú fóònù wọn, tí wọ́n sì ń fipá mú wọn lọ gba owó jáde ní báńkì. Àwọn kan ń wí pé irun dàda àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó fà á, pé ọmọ Yahoo ni wọ́n. Ní oṣù Kẹfà 2020, Amnesty International kéde ọ̀ràn ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn tí kò dín ní 82. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ tú síta. Ìjọba sì tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

Ọ̀ràn yìí wà ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní Nevada, ní Amẹ́ríkà, ní 2021, ọlọ́pàá gba dọ́là 86,900 lọ́wọ́ awakọ̀ kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, bí ó tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí báńkì lọ́wọ́. Wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Lẹ́yìn tí ó pẹjọ́ ni owó náà tó padà.

Kí ló dé tí a fi ń dá ẹni tí a ṣẹ̀ lẹ́bi? Ẹ̀rù ni. Bí a bá gbà pé àṣìṣe rẹ̀ ni, ọkàn wa yóò balẹ̀ pé tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí a dì rù ú ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń fún ẹni tí ó gbowó láyè láti dúró de ẹlòmíràn.

Òótọ́ ni pé owó olè wà. Ọlọ́pàá lè gbẹ́sẹ̀ lé owó tí ó fura sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí à ń pè ní procès-verbal. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990, ní abala 17, ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí òfin yóò fi dá a lẹ́bi. Abala 22 sì dáàbò bo ohun ìní gbogbo ènìyàn.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹni yín bá ti ọ̀nà dé lọ́wọ́ òfo, ẹ kí i kú ewu. Ẹ wá bi í pé: “Ṣé wọ́n fún yín níwèé? Ọ̀dọ̀ ta ni kí a bá yín lọ?” Ohun tí ó bá ojú ti bá imú.