Kí A Tó Ra Ríìngì Tuntun: Títú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́lì Kékeré Yẹ̀ Wò

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kékeré tí ó ń yí ẹ̀rọ àgbàdo àti ẹ̀rọ gaàrí ní ilẹ̀ Yorùbá, Lister onísílíńdà kan wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì. Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ṣẹ̀, àwọn oníṣẹ́ irin Rajkot ní ilẹ̀ Íńdíà sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Oríṣi tí a ń pè ní CS 6/1, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 6, kì í yí ju nǹkan bí ìgbà 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀nba eré yìí ni ó sì ń jẹ́ kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tí ó ni ín tó fura.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Písítìnì, ìyẹn irin tí ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná ju 500°C lọ, tí epo tí ínjẹ́tọ̀ bá fín sí i yóò sì gbaná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi yọ́ jáde, ooru kò ní tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ṣorí kunkun láàárọ̀. Nítorí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá lọ ni ẹni tí ń tú ẹ́ńjìnnì ń wá.

Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ kí sípánà tó kan nọ́ọ̀tì kankan. Èéfín aláwọ̀ aró ń fi hàn pé ọ́ìlì ń jóná, èyí tí ó dúdú kirikiri sì ń fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ọ́ìlì tí a tú sínú abọ́ bá ti pàwọ̀ dà sí funfun, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Àṣà fífi epo fọ gbogbo irin kí a tó wò wọ́n ń ba ẹ̀rí jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ń wá ipasẹ̀ olè kì í kọ́kọ́ gbálẹ̀. Ọ̀nà dúdú tí ó la gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí ń dí àárín sílíńdà àti orí rẹ̀, já ni àmì ibi tí iná ti ń gbà jáde, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti pa á rẹ́. Bí a bá da kẹrosíìnì sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde lára orí sílíńdà, tí ó sì ń sun lábẹ́ fáàfù, ìyẹn ìdérí tí ń ṣí ihò náà tí ó sì ń pa á dé, fáàfù náà kò jókòó dáadáa mọ́.

Sílíńdà ni ọ̀ràn pọ̀ sí jù. Ìka tí a bá fi ra ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè yóò kọ ètè kan nítòsí ẹnu rẹ̀, níbi tí ríìngì òkè, ọ̀kan lára àwọn òrùka irin tí ó yí písítìnì ká, kì í dé. Abẹ́ ètè yìí gan-an ni irin ti ń jẹ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni iná ti le jù, tí ọ́ìlì sì ṣọ̀wọ́n. Bí ògiri náà bá ní ìlà tóóró tóóró láti òkè délẹ̀, eruku ọyẹ́ tí ó gba fílítà wọlé ni ó yẹ kí a fura sí. Bí máíkírómítà kò bá sí, ríìngì tuntun kan tó láti fi wọn ìjẹ náà. A ó tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ríìngì písítìnì kì í dé, a ó sì fi fíìlà gééjì, èyí tí í ṣe abẹ irin pẹlẹbẹ tí a kọ ìnípọn rẹ̀ sí i lára, wọn àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, a ó tún wọn ọ́n lábẹ́ ètè òkè. Bí àlàfo bá jẹ́ 0.4 mìlímítà nísàlẹ̀, tí ó sì di 1.0 lókè, ìyàtọ̀ 0.6 yẹn ni a ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta àti díẹ̀, nítorí pé ìlọ́po bẹ́ẹ̀ ni àyíká òbìrí fi ju ìbú rẹ̀ lọ, yóò sì hàn pé sílíńdà ti fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.2 mìlímítà. Ríìngì tuntun, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń sáré rà kí a tó tú ẹ́ńjìnnì rárá, kò lè gba irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ là. Ẹ̀rọ ni a ó fi gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i, a ó sì ra písítìnì tí ó bá ìwọ̀n tuntun náà mu.

Ti kráńkì, ọ̀pá tí ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítìnì di yíyí, kò le tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́árìn tí ó dì mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ eérú tí ó dọ́gba. Bí àwọ̀ bàbà bá ti yọ, ìpele òkè rẹ̀ ti tán. Bí èékánná bá há sí ìlà lójú kráńkì, a ó gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yún un, bẹ́árìn tí a ó rà yóò sì nípọn ju ti àtijọ́ lọ.

Ní ti ínjẹ́tọ̀, ó yẹ kí epo rẹ̀ jáde ní ìkùukùu, kí ó má sì máa kán. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí a bá ń dán an wò, nítorí pé agbára tí epo fi ń jáde lè gún awọ wọnú ẹran, ẹni tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré tí kò ṣẹ̀jẹ̀.