Ẹ Ka Èémí Ọmọ Tó Ń Wúkọ́

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kò sí agboolé tí a kò ti ní í gbọ́ ikọ́. Ọmọdé ń wú u, àgbà ń wú u. Púpọ̀ nínú ikọ́ yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ọ̀fìnkìn ló fà á, yóò sì lọ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ikọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òtútù àyà ló wà nídìí rẹ̀, òtútù àyà sì wà lára àwọn àrùn tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa. Báwo ni ìyá ọmọ yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi bí ikọ́ ṣe ń dún mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn ń wo àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, obìnrin kan wà tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọ rẹ̀, ọlọ́dún kan, ń wúkọ́, ó sì gbé e wá fi hàn wá. A gbọ́ ikọ́ náà, kò le rárá. A fún ìyá náà lówó kó lọ ra oògùn ikọ́ olómi. Ọmọ yìí ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. A rí i, a kò mọ ohun tí a rí. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ti sin ín.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ti mọ̀ láti ìgbà náà. Bíi kànìnkànìn ni ẹ̀dọ̀fóóró rí, èyí tí àwọn alápatà ń pè ní fùkù. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Bí òtútù àyà bá mú ọmọ, omi àti ọyún a gba àyè afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Èyí tó ń wọlé kò wá tó ara mọ́, ni ọmọ bá ń sáré mí kó lè rí i tó. Nítorí náà, èémí ni kí ẹ wò, ẹ fi ikọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà ní kíláàsì, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀. Bó bá ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú lọ́wọ́, ẹ dúró dìgbà tó bá fara balẹ̀. Ẹ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kí ẹ máa wo àyà tàbí ikùn rẹ̀. Bó bá wú sókè tó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ fi agogo tàbí fóònù ka odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ààbọ̀ kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì o, èémí ọmọdé kì í dọ́gba.

Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un kà. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Fún ọmọ oṣù 2 títí kó tó pé ọdún kan, 50 ni. Láti ọdún kan títí kó tó pé ọdún 5, 40 ni. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti rí i.

Ìyá àgbà kan ní kíláàsì alẹ́ wa ti ṣe é. Ọmọ-ọmọ wọn, olóṣù 8, ń wúkọ́, gbogbo ilé ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Wọ́n kà á, wọ́n rí 58. Wọ́n kọ 58 náà sínú ìwé, wọ́n mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kà á, òun rí 56. Ó bi wọ́n léèrè pé, "Mọ́mì, ta ló kọ́ yín?"

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ àyà, níbi tí egungun ìhà parí sí. Bí ọmọ bá ń fa èémí sínú, tí ibẹ̀ ń jìn wọnú dípò kó wú jáde, ẹ gbé e lọ. Bí kò bá lè mu ọmú mọ́, tó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, tí gìrì mú un, tàbí tó ń sùn tí ẹ kò lè jí i dáadáa, ẹ má dúró ka nǹkan kan. Ìbáà jẹ́ òru, ẹ gbé e lọ.

Nílé ìwòsàn, wọn yóò tún èémí náà kà. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré há ìka rẹ̀ láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, nítorí ara gbígbóná nìkan kọ́ ni ibà, àwọn méjèèjì sì lè wà pọ̀. Bó bá jẹ́ òtútù àyà tí kò tíì le, amoxicillin ni wọ́n sábà ń fún un, oníhóró tó ń yọ́ nínú omi, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5. Ara ọmọ lè yá ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ibẹ̀ ni àwọn ìyá kan ti ń pa èyí tó kù mọ́ de àbúrò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó tán. Èyí tó bá le gan-an, wọn yóò dá a dúró fún abẹ́rẹ́ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.

Bí nọ́ọ̀sì bá wá ní ọ̀fìnkìn lásán ni, ẹ má bá a jà pé kò fún yín ní kápúsù. Oògùn apakòkòrò kò ran ọ̀fìnkìn. Bí a bá sì ń jẹ ẹ́ kiri, kòkòrò àrùn yóò mọ́ ọn lára, kò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Oògùn ikọ́ olómi kò wo òtútù àyà, òmíràn sì léwu. Ní 2022, ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, ọmọ tó lé ní 60 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn olómi tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín wọn ló bàjẹ́. Ọmú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oyin díẹ̀ tó fún ikọ́ ọ̀fìnkìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní í dùn mọ́ àwọn ìyá wa nínú, a ó sì sọ ọ́. Ẹ má rọ ọmọ tó ń mí kíákíá ní agbo. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, tí ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ tí ẹ ń da agbo sí i, inú ẹ̀dọ̀fóóró tó ti kún tẹ́lẹ̀ ni òmíràn ń gbà lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà òtútù àyà wà lára èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Èyí tuntun nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014. Ẹ má sì gbé ọmọ sídìí èéfín igi ìdáná.

Ó ku ti àwa àgbà. Bí àgbà bá ń wúkọ́ tó ń mí tó 30 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí baba arúgbó ń sọ ìsọkúsọ lójijì, ilé ìwòsàn ni. Ikọ́ tó bá sì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ fée ni, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn yóò fún yín ní ike kékeré kan. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti inú àyà wá ni kí ẹ tu sí i, kì í ṣe itọ́ ẹnu.