Ìtọ́jú Onífọ̀rọ̀wérọ̀ fún Ẹni tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀
Èlíjà ní kí òun kú (1 Àwọn Ọba 19). Ọlọ́run kò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó bọ́ ọ, ó bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbọ́ ọ tán kí ó tó rán an níṣẹ́.

Bí opó tó ń ta tòmátì ní Mile 12 kò bá rí oorun sùn mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò; lẹ́yìn náà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà yóò máa gbọ́ ọ, ìjókòó dé ìjókòó. Ohun tó bá sọ níbẹ̀ kì í di àpẹẹrẹ ìwàásù (tiwa ń dà á nígbà míràn). Bí orúkọ Yábàá bá ń bà á lẹ́rù, kí ìyá ìjọ bá a wọ mọ́tò láti Kétu.