Bí Ọ̀gá Àná Bá Ń Bà Wá Lórúkọ Jẹ́

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí ó yẹ kí gbogbo wa fi kọ́gbọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí ó ti ń bójú tó ọjà inú sítọ́ọ̀. Ó fẹ́ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣòdì, ó sì kọ̀wé yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé ìwé rẹ̀, àwọn oníduró rẹ̀ méjèèjì ti yẹra. Wọ́n ní máníjà rẹ̀ àtijọ́ ń sọ kiri pé ọjà dín nígbà tó lọ. Kò sí ẹni tó bi ọkùnrin náà léèrè tẹnu rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ẹni tí irú èyí bá dé bá ṣe?

Èkíní, ẹ má fi ìbínú dáhùn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ̀gá yín níbẹ̀. Èébú yẹn ló máa di ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá pé: kí ni ó sọ gan-an, níbo, lọ́jọ́ wo, ta ni ó wà níbẹ̀? Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Wọ́n ní, wọ́n ní" kì í dúró níwájú adájọ́.

Èkejì, ìwé ni kó gbèjà yín. Labour Act, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí òṣìṣẹ́, sọ ní abala 11 bí a ṣe ń sọ tẹ́lẹ̀ kí a tó lọ. Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1. Ẹni tó ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Láti ọdún 2 títí di kí ó tó pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù 1. Ti ọ̀sẹ̀ kan sókè gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí àdéhùn yín bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ̀lé e. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún. Ẹni tó bá jẹ́ máníjà, kí ó wo ìwé àdéhùn tirẹ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ka ọjà lójú ọ̀gá, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹ gba rìsíìtì. Ohun tó gba ọmọ ẹgbẹ́ wa là nìyẹn. Ó mú ìwé wá tí máníjà náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó lọ, pé ọjà pé.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ibi tí òfin dé. Ẹni tó bá purọ́ fún ẹlòmíràn pé olè ni yín, tàbí tó fi irọ́ ba òwò yín jẹ́, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ, kò sí ẹjọ́. Òfin sì fàyè gba ọ̀gá láti dáhùn bí ilé iṣẹ́ tuntun bá béèrè ìwà yín lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá ti fi ìkà ṣe é.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Spring bá Guardian Assurance ṣiṣẹ́. Nígbà tó wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, wọ́n kọ̀wé pé kì í ṣe olóòótọ́. Adájọ́ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ kò dúró. Síbẹ̀, ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wádìí kó tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ yìí kò de kóòtù tiwa, ṣùgbọ́n lọ́yà lè tọ́ka sí i.

Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mú àgbàlagbà kan lọ bá ọ̀gá náà. Bí kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí i. Lẹ́yìn èyí, Citizens' Mediation Centre wà, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Wọ́n ń parí ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wọn kì í gba owó.

Fún oníbàárà tàbí ọ̀gá tuntun, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́: "Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a kò fi inú dídùn túká, ìwé tí wọ́n fi gba ọjà lọ́wọ́ mi nìyí." Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku àwa fúnra wa. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí ọmọ ẹgbẹ́, kí ó mú un wá síwájú ìgbìmọ̀ lójú ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a ó gbọ́, owó gbogbo wa ni à ń ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ àhesọ, a kò ní torí rẹ̀ du ẹnikẹ́ni lówó yíyá.

Ọ̀kan nínú àwọn oníduró ọkùnrin náà ti padà. Èkejì kò padà, ó ti wá ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí owó rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́